Eegun Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Kò Lórúkọ Lórí Ògiri Ògúnrónbí

Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ òde òní, ẹ wọlé mi, ẹ kò tíì kí mi tán tí ojú yín fi gun ògiri lọ, ẹ wá ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara yín nítorí pé orí ẹfọ̀n kan, ìwo àgbọ̀nrín díẹ̀ àti awọ ẹkùn tí kòkòrò ti jẹ létí ni ẹ rí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ la ẹnu, ó ní, "Baba, ṣé gbogbo ohun tí ẹ pa láyé yín nìyí?" Mo gbọ́ o, etí mi kò tíì di. Mo mọ̀ pé ògiri tiyín kún. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yín, àfi kó bẹ̀rẹ̀ kí ìwo má baà yọ ọ́ lójú. Ẹ fi ìbọn yín ti ara ògiri, kí ẹ jókòó, kí n sọ ìdí tí ògiri mi fi rí bí ó ṣe rí. Bí mo bá fi irọ́ lé òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ̀tù mi máa tutù nígbà tí ẹfọ̀n bá kọjú sí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ òótọ́ tí ẹ sì ń yọ ṣùtì sí mi, kí ẹran igbó máa yọ ṣùtì sí ẹ̀yin náà.

Èmi ni Ọdẹ́tókun ọmọ ìlú Àjùbà. Mo ti dojú kọ ẹfọ̀n tó ń fi ìbínú fa igi tu. Mo ti bá erè du ẹtu kan náà: erè di orí mú, mo di ẹsẹ̀ mú, èmi ni mo sì gbé ẹtu wálé. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, Ògúnrónbí ọ̀gá mi ló kọ́ mi. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá yìn ín nítorí ẹran tó pa, yóò ní, "Ẹ yin igbó, òun ló yọ̀ǹda rẹ̀." Ó dàgbà, ó darúgbó, ó kú sórí ẹní rẹ̀ bí ọmọlúwàbí, gbogbo Àjùbà sì sunkún rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọdẹ bá kú, sísin nìkan kò parí ọ̀ràn rẹ̀. A ní láti ṣe ìpà fún un. A ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ àti gbogbo eegun tó wà lórí ògiri rẹ̀ lọ sí oríta ọ̀nà igbó, a ó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi ìrèmọ̀jé, orin arò ọdẹ, pe ẹran náà lórúkọ, a ó sì sọ bí olóògbé ṣe pa á. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ tán, ọdẹ tó kú yóò kọ ẹ̀yìn sí ilé, yóò bá àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, kò lè lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ti wọ́ nìyẹn. A pe orí ẹfọ̀n, a pe eyín ìmàdò, a pe èékánná ẹkùn, ó wá ku eegun kan tí ó máa ń wà láàárín gbogbo wọn, lókè ààrò, níbi tí ojú àlejò ti máa ń kọ́kọ́ bà.

Ẹ̀yà eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ó ti ṣẹ́ ní ìhà méjèèjì, ó wúwo bí òkúta, ó pọ́n bí omi obì, ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Ẹ wá wo àwọn ọdẹ Àjùbà! Ọ̀kan ní ti kìnnìún ni. Ọ̀kan ní ti erinmi ni, bẹ́ẹ̀ erinmi kò gba ẹnu ọ̀nà Àjùbà kọjá láti ìgbà tí a ti tẹ ìlú náà dó. Àwọn tí kò lè mọ ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ ìyàwó wọn, gbogbo wọn ló mọ eegun. Láwuyì ló wá bọ́ síwájú. Ẹ kò mọ Láwuyì. Ohùn rẹ̀ dùn, ògiri rẹ̀ kún ju ti Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ wa, lọ, ó sì jẹ́ irú ọdẹ tí ẹran máa ń kú fún nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní Akọ Jìnnìjìnnì ni ẹranko náà ń jẹ́. Ó ní ìwo kan wà nímú rẹ̀, iná ń jó ní ihò imú rẹ̀, Ògúnrónbí sì bá a jà títí ọ̀bẹ rẹ̀ fi kán sí i nínú egungun ìhà. Ó fi ìrèmọ̀jé gbé e, orí gbogbo ènìyàn wú. Orí tèmi kò wú. Ọ̀rọ̀ ajá tó wà nílé ló gbà mí lọ́kàn.

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá ọ̀gá mi. Láti ọjọ́ tí baba ti kú ni kò ti jẹun. Iwájú àpótí tí baba máa ń jókòó lé ló ń sùn sí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jókòó níbẹ̀, á yọ eyín. Nígbà tí Láwuyì kọrin tán, a padà délé, ajá náà gbójú sókè wo àpótí òfìfo, ó sì ń jùrù. Ìyá Abọ́sẹ̀dé, opó ọ̀gá mi, fà mí lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ọdẹ́tókun, ta ni ajá yìí ń jùrù sí?"

"Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Ọkọ mi ò tíì lọ. Ó rẹ̀ ẹ́, kò rí ọ̀nà gbà. Ẹni tó rin igbó títí orúnkún rẹ̀ fi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣé ó yẹ kó tún wà lórí ìdúró lẹ́yìn ikú? Láwuyì kọrin tó dùn, mo gbà. Ṣé orin dídùn la fi ń ṣílẹ̀kùn ni?"

Mo lọ bá Olúọdẹ, mo ní kí wọ́n má tíì pa ìpà náà dé. Wọ́n bínú. Wọ́n ní àwọn yóò fún mi ní àyè títí di ìpàdé ọdẹ tó ń bọ̀. Bí n kò bá mú orúkọ mìíràn wá, Akọ Jìnnìjìnnì ni àwọn yóò fi pa á dé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i mọ́. Láwuyì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí Ọdẹ́tókun lọ bi ẹranko náà léèrè fúnra rẹ̀." Mo ní màá lọ. Bí a bá pa á dé lórí irọ́, ọ̀gá mi yóò máa jókòó sórí àpótí yẹn títí ayé.

Mo kó eegun náà sínú àpò, mo gbé ìbọn, mo wọ Igbó Àìwọ̀tán. N kò ní sọ bí mo ṣe sè àti bí mo ṣe sùn fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn oúnjẹ, kó lọ sílé ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé ni Ẹlẹ́numéjì. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi tó dí ọ̀nà, ẹnu kan wà níwájú rẹ̀, ẹnu kejì wà ní ìpàkọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í kọjá láìfi ẹrù rẹ̀ hàn. Mo mú eegun jáde. Ẹnu iwájú pariwo, "Háà! Eegun baba ńlá mi rèé, ọba ni!" Ẹnu ẹ̀yìn ní, "Irọ́ lò ń pa. Ti ìran ìyá mi ni. Ìran baba rẹ ò lẹ́nu tó tóbi tó yẹn, àfi ẹnu òfófó." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kí n gbé e fún nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Ó parí. Ẹnu iwájú fẹ́ bu ẹnu ẹ̀yìn jẹ, ẹnu ẹ̀yìn fẹ́ bu ẹnu iwájú jẹ, ọwọ́ wọn kò sì tó ara wọn. Ó ń pòyì lójú kan bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá gbòǹgbò, mo ń bá tèmi lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín rẹ̀ jù. Ẹ ti dé ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti ń du oyè rí, ẹ ti rí i.

Lẹ́yìn èyí ni mo dé àgbàlá Atòegungun. Arúgbó ni, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó sì ń fọwọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò lára eegun kéékèèké bí ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà. Àgbàlá rẹ̀ kún fún ẹranko tí ó tò jọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi! Mo rí erin tó ní ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo rí ẹja tó ní ìyẹ́ àti ìwo. Mo rí ohun kan tí ó jẹ́ orí ní ìhà méjèèjì tí kò sì ní ibi tí yóò ti ṣu. Ó ní ẹyọ eegun kan péré ni òun máa ń rí, òun á sì fi ọgbọ́n tò èyí tó kù.

Mo kí i, mo sọ orúkọ mi fún un, mo fi eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn án. Kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni," ó wí. "Ìrù rẹ̀ gùn, a máa fò lókè, orí òkè ló ń gbé, ewé ìrókò ló ń jẹ."

"Baba, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ta ni yóò já mi nírọ́? Ẹni tó rí i ti kú, ẹni tí kò rí i kò lẹ́nu ọ̀rọ̀."

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Orúkọ lówó lórí. Fún mi ní eyín kan."

Ẹ̀yin náà wò ó, eyín ẹ̀yìn mi kan ti ń mì láti ìgbà tí ìdí ìbọn ti gbá mi lẹ́nu, mo rò pé kò sí òfò níbẹ̀. Mo fà á yọ, mo fún un. Òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ náà, n kò sẹ́. Arúgbó náà gbé eyín sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ó to párì, ó to ọrùn, ó to àyà tó fẹ̀ ju tèmi lọ, ó to apá tó ki ju tèmi lọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ọkùnrin kan dìde dúró. Èmi ni! Ṣùgbọ́n ó ga jù mí lọ, ó lẹ́wà jù mí lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú. Arúgbó ní, "Ọdẹ́tókun gidi rèé. Òun ni yóò padà sí Àjùbà. Ìwọ dúró, màá tú ọ, màá fi ọ́ to nǹkan mìíràn." Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó gba ìbọn mi.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú borí ẹ̀rù. Mo ní, "Ìwọ tí o ń jẹ́ èmi, sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ." Ó na àyà, ó ní, "Èmi ni mo jẹ itan ẹfọ̀n! Èmi ni mo jẹ ẹ̀dọ̀ àgbọ̀nrín! Èmi ni mo fọ́ eegun ọ̀yà tí mo mu ọ̀rá inú rẹ̀!" Mo ní, "Báwo lo ṣe pa wọ́n?" Ó fi ahọ́n lá ètè. Mo ní, "Níbo la ń dúró sí bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ọ̀dọ̀ ẹran?" Ó ní, "Atẹ́gùn? Ṣé ó dùn?" Ọ̀ràn yé mi. Eyín mi ni wọ́n fi tò ó, oúnjẹ nìkan ló mọ̀. Mo yọ ẹran gbígbẹ kan nínú àpò, mo jù ú sáàárín àwọn ẹranko arúgbó. Ọdẹ́tókun gidi ju ìbọn sílẹ̀, ó bẹ́ gììrì lé ẹran náà, erin ẹlẹ́sẹ̀ adìyẹ wó lu ẹja abìwo, ẹja wó lu olórí-méjì, gbogbo àgbàlá di òkìtì eegun, arúgbó ń ké pé wọ́n ti ba iṣẹ́ ayé òun jẹ́. Mo gbé ìbọn mi, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. N kò rí eyín mi gbà padà. Ẹ wo ẹnu mi, àlàfo rẹ̀ rèé.

Nígbà tí mo sinmi lábẹ́ igi, mo ronú. Eegun kì í sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ. Gbogbo wa ni a ń fi ìwo àti ìrù kún un, kò sí ẹni tó bi ẹ̀rẹ̀kẹ́ léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mú un jáde, mo fi ìka tọ etí rẹ̀. Eyín wẹ́wẹ́ tò sí i bí ẹnu ayùn, wọ́n kéré débi pé wọn kò lè fọ́ eegun adìyẹ. Ẹni tó ni ín kì í rún nǹkan lẹ́nu. Ó ń mú un dání ni, ó sì ń gbé e mì lódindi. Irú ẹni wo nìyẹn? Bí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni òjò àkọ́rọ̀ dé. Kọ̀ǹkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní àbàtà, eegun náà sì gbọ̀n ní ọwọ́ mi. Kọ̀ǹkọ̀ dákẹ́, eegun dákẹ́. Kọ̀ǹkọ̀ tún ké, eegun tún gbọ̀n. Mo pòṣé. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ẹran tí àwọn ọmọdé ń fi igbá gbọ́n létí odò! Ọ̀gá mi, Ògúnrónbí, àti kọ̀ǹkọ̀! Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti ń tẹ̀lé ìró náà.

Ó mú mi dé ọ̀gbun kan tí àgbàrá ti wó etí rẹ̀, òkúta pupa yọ síta ní ìpele-ìpele bí ẹní tí a ká jọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó jókòó sí. Ó tóbi bí àgbò, ẹnu rẹ̀ gba ìhà kan dé ìhà kejì orí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ara rẹ̀ ni ó hàn gbangba: apá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti eegun díẹ̀ ní àtàrí. Ìyókù dà bí èéfín. Bí mo bá ṣẹ́jú, ó ní ìrù. Bí mo bá tún ṣẹ́jú, ìrù pòórá, ẹsẹ̀ erin yọ. Ní imú rẹ̀, ìwo tuntun kan wà tí ó ń fi ha òkúta bí ewúrẹ́ tí ara ń yún. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀pọ̀lọ́! Ọ̀pọ̀lọ́ lásánlàsàn!"

"Ta ni ọ̀pọ̀lọ́?" Ohùn rẹ̀ mú ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Bí o bá fẹ́ pè mí, kọ̀ǹkọ̀ ni kí o pè mí, òun ló súnmọ́ mi jù. Kí nìwọ ń jẹ́?"

"Ọdẹ ni mí."

"Kí lo fi ń dẹ̀gbẹ́?"

"Ìbọn, ọ̀bẹ, ajá, àti oògùn díẹ̀."

"Ẹrù yẹn pọ̀ fún aláìlágbára. Èmi, mo jókòó ni. Mo jókòó, mo dákẹ́, ohun tó bá kọjá di oúnjẹ. Àwọn tí ẹ ń fi orí wọn ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́, nígbà tí baba ńlá wọn ṣì kéré bí eku, mo gbé wọn mì láìlo iyọ̀. Òkúta tí o dúró lé yìí, ẹrẹ̀ ni nígbà tí mo kú sínú rẹ̀. Dá mi lóhùn: kí ni ó kú tí kò sẹ́ni tó túfọ̀ rẹ̀?"

"Èyí tó kú kí ayé tó ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìwọ ni."

"O gbìyànjú. Kí ni ó wà lórí ògiri ọdẹ tí ọdẹ kò pa?"

"Kò sí! Ohun tó bá wà lórí ògiri ọdẹ, ọdẹ ló pa á. Ọmọ ọdẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ mọ ìyẹn."

Ahọ́n rẹ̀ ló dáhùn. Ó yọ fàì, ó lẹ̀ mọ́ àyà ẹ̀wù gbérí mi, kí n tó gbé ìbọn sókè mo ti bá ara mi lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu náà pa dé. Ọlọ́run ló yọ mí: apá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń bẹ nínú àpò mi, kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ìhà ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ilé tí kò nílẹ̀kùn. Mo yí gbirigbiri, mo gba ibẹ̀ jáde, mo ṣubú sínú omi. Kọ̀ǹkọ̀ náà kẹ́dùn bí àgbàlagbà.

"Ṣé o rí ohun tí ẹ sọ mí dà? N kò lè mi ènìyàn kan ṣoṣo mọ́. Ara mi kò sì sinmi. Ìgbàkígbà tí ẹnìkan bá purọ́ mọ́ eegun mi, nǹkan á hù lára mi. Ta ló fi ìwo yìí sí mi nímú?"

Mo ní, "Láwuyì ni."

"Ó ń yún mi. Gbọ́, kí n sọ ti ọ̀gá rẹ. Kò pa mí. Ẹnikẹ́ni kò pa mí. Ó jókòó sórí òkúta yẹn lẹ́yìn òjò, ó rí eegun mi tó yọ jáde, ó fi ọ̀bẹ wà á, ọ̀bẹ kán. Ó gbé eegun náà lé àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, 'Ohun tí mo pa ti kún ògiri mi. Màá gbé èyí tí n kò lè pa láéláé sáàárín wọn, kí ojú lè máa tì mí bí mo bá fẹ́ gbéra ga.' Wo ẹ̀gbẹ́ òkúta, ṣónṣó ọ̀bẹ rẹ̀ ṣì ń bẹ níbẹ̀."

Mo wò ó, mo rí irin kan tó ti dípẹtà nínú pàlàpálá òkúta. Mo mọ ọ̀bẹ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀; mo ti pọ́n ọ̀bẹ tí kò ní ṣónṣó yẹn láìmọye ìgbà. Omijé bọ́ lójú mi, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọdẹ kì í sunkún. Baba tí gbogbo ayé ń yìn, òun nìkan ló mọ ohun tí eegun yẹn ń wí fún un lójoojúmọ́. Èmi àti kọ̀ǹkọ̀ sì dá májẹ̀mú: èmi yóò sọ òótọ́ rẹ̀ ní ìpà, n ó sì dá eegun náà padà sí ọ̀gbun, òun kò ní fi ahọ́n tọ́ mi wò mọ́. Mo yọ ṣónṣó ọ̀bẹ, mo padà sílé.

Ọ̀sán gangan ni ìpàdé náà bọ́ sí, oríta kún. Láwuyì ló kọ́kọ́ kọrin. Akọ Jìnnìjìnnì ti ní ìwo kejì kí n tó dé, ọ̀bẹ Ògúnrónbí sì tún kán sí i nínú egungun ìhà. Nígbà tí ó parí, mo bọ́ sáàárín, mo mú ọ̀bẹ ọ̀gá mi láti inú àwọn irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀, mo mú ṣónṣó tó dípẹtà jáde, mo fi wọ́n kan ara wọn. Wọ́n bára mu wẹ́kú. Mo ní, "Inú òkúta ni mo ti yọ ọ́, kì í ṣe inú ẹran." Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọ̀gá mi lójú ẹgbẹ́ ọdẹ, mo sì mọ ojú tí wọn yóò fi wò ó. Mo gbé ìrèmọ̀jé:

Kọ̀ǹkọ̀ ìwáṣẹ̀, ẹlẹ́nu gbàǹgbà inú ẹrẹ̀,
Ajókòó-dẹ̀gbẹ́ tí kò lápò, tí kò níbọn,
O kú, kò sẹ́ni tó túfọ̀ rẹ.
Òkúta ló sin ọ́, àgbàrá ló hú ọ.
Ìwo ò sí nímú rẹ, iná ò sí lẹ́nu rẹ.
Ògúnrónbí ò pa ọ́ o, ẹ gbọ́ ọ,
Ògúnrónbí ṣà ọ́ ni, bí ẹni ṣa olú.
Baba, ẹ̀yà tí ẹ ò pa ti lórúkọ,
Ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹ máa lọ rè é sinmi.

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan fi ìdí ìbọn gbálẹ̀, àwọn kan di ikùn mú. Láwuyì ní, "Ẹran ọbẹ̀ ọmọdé! Ọdẹ́tókun fi kọ̀ǹkọ̀ sin ọ̀gá rẹ̀!" Olúọdẹ kò rẹ́rìn-ín, wọ́n bínú, wọ́n ní, "Ọdẹ́tókun, ṣé o fẹ́ sọ pé ohun tí a ń bọ̀wọ̀ fún lórí ògiri Ògúnrónbí láti ọdúnmọ́dún wá, ó ṣà á nílẹ̀ ni?" Mo ní, "Ó ṣà á nílẹ̀ ni, Baba." Wọ́n ní kí n kúrò níwájú àwọn.

Ìgbà náà ni ẹ̀rín dáwọ́ dúró láti ẹ̀yìn wá síwájú. Tanímọ̀la ń bọ̀. Ajá tí kò kúrò nídìí àpótí láti ọjọ́ ikú ń rìn bọ̀ láti ilé, kò yára, kò falẹ̀, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan tí a kò rí, ó sì ń gbójú sókè wò ó lóòrèkóòrè. Àwọn ọdẹ là fún un. Ó kọjá láàárín wa, ó dé ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Ó jùrù díẹ̀, ó tún jùrù. Lẹ́yìn náà ìrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wo inú igbó fún ìgbà pípẹ́, ó sì yí padà. Ẹsẹ̀ Ìyá Abọ́sẹ̀dé ló dé, ó dùbúlẹ̀. Ìyá bu oúnjẹ fún un ní ẹ̀bá oríta níbẹ̀, ó jẹ ẹ́. Obìnrin náà sọ gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ó ti lọ. Ọkọ mi ti lọ." Ó sunkún bí ẹni tí a sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Olúọdẹ pa ìpà náà dé pẹ̀lú orúkọ kọ̀ǹkọ̀, oníkálùkù sì gbé ìbọn, ó gba ilé lọ kíákíá. Mo rò pé ìtìjú Láwuyì ni wọ́n ń gbé lọ. N kò mọ̀ pé ohun mìíràn ti ń já wọn láyà. Ẹ ṣá ti gbọ́ ìlànà náà: gbogbo eegun tó bá wà lórí ògiri rẹ ni a ó pe lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ tí o bá kú, a ó sì sọ bí o ṣe pa á. Bí a bá purọ́ níbẹ̀, o kò ní lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo ń gbé eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà sí ọ̀gbun bí mo ṣe ṣèlérí. Mo gba ìdí ààtàn kọjá, mo bá Ìyá Abọ́sẹ̀dé níbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ gbígbá lọ́wọ́. Kò rí ibi tí yóò da ilẹ̀ sí. Ààtàn ti ga ju orí rẹ̀ lọ: ìwo ẹfọ̀n, eyín erin, orí ẹkùn, awọ kìnnìún tí okùn oníṣòwò tó tà á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, mo ti jẹun lábẹ́ rẹ̀ nílé Láwuyì. Ìyá wò ó, ó wò mí.

"Ọdẹ́tókun, ṣé àjàkálẹ̀ àrùn ló kọlu ẹran igbó ni, tí gbogbo wọn fi wá kú sórí ààtàn wa?"

"Ìyá, ó jọ bẹ́ẹ̀."

Ìdí tí ògiri mi fi rí bí ó ṣe rí nìyẹn. Ohun tó wà níbẹ̀, mo pa á. Ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ kò ní rán ẹnikẹ́ni wọ Igbó Àìwọ̀tán nítorí mi. Ó dára, ẹ máa dìde, kí ilẹ̀ má ṣú mọ́ yín lórí. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Kí ló dé tí o dákẹ́? Ilé yín jìnnà, ààtàn sì wà lójú ọ̀nà.